Kánfáàsì òru mi ti di aṣọ òde, ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Ìbejì Aránṣọ, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà. Ẹ má wò mí bí ayàwòrán o, aránṣọ ni mí. Ó ti lé lọ́dún 19 tí mo ti ń tẹ máṣíìnì, adìrẹ ni mo sì ń rán jù nítorí pé ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ìtòkú. Àgékù adìrẹ tó wà nílẹ̀ báyìí kún àpò ìrẹsì mẹ́ta. Mi ò lè dà á nù. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú aláró ń rí kí aṣọ tó dú tó bẹ́ẹ̀ kò ní lè fi nu máṣíìnì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń kó lọ sílé tuntun níparí oṣù tó ń bọ̀. Mo wá rò ó pé kí n má gbé aago ògiri tàbí abọ́ lọ fún wọn bíi ti gbogbo ayé. Nígbà tí a wà ní kékeré, àwọn àti èmi la jọ máa ń lo họlidé lọ́dọ̀ ìyá ìyá wa ní abà kan lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀ rárá. Tí ooru bá mú, ìyá àgbà á tẹ́ ẹní síta, àwa méjèèjì á sùn gbalaja, à ń wo òkè. Ẹ̀gbọ́n mi á máa ka ìràwọ̀. Tí wọ́n bá kà á dé nǹkan bí 60 wọ́n á ṣì í kà, wọ́n á ní èmi ni mo dí wọn lọ́wọ́, wọ́n á kàn mí níkòó. Ìyá àgbà á wá nawọ́ sí àgùàlà, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù yẹn, lẹ́bàá òṣùpá, wọ́n á ní: “Ó ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Kì í ṣe ajá òṣùpá o.” Òru yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbé lé ògiri pálọ̀ wọn.

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo ra kánfáàsì tí wọ́n ti na mọ́ férémù, ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3. Mo fi ọ̀dà dúdú kùn ún látòkè délẹ̀. Mo gé adìrẹ bí igi àti bí òkè, mo fi gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò lẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀. Mo fi sátíìnì funfun gé òṣùpá, ó tẹ̀ bí dòjé, mo fi ìràwọ̀ kan há a láàárín bí mo ṣe rí i lórí fóònù. Ìlẹ̀kẹ̀ tó ṣẹ́kù lára gáùn ìyàwó kan tí mo rán, mo dà á sí i. Àwọn wẹ́wẹ́ tó ń dán yinrinyinrin tí a máa ń lẹ̀ mọ́ léèsì, mo dà á sí i. Mo tún ki búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ ọ̀dà funfun, mo fi àtàǹpàkò ta á sí gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ mi kò ṣeé dá dúró mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ wá wo wàhálà. Adìrẹ wú bíi pé wọ́n dín in, afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ á dún. Aró ṣí kúrò lára aṣọ, ó wọ inú sátíìnì, òṣùpá mi wá dà bí ẹni tí wọ́n gbá lójú. Ìlẹ̀kẹ̀ ń já bọ́. Mo dìde lẹ́ẹ̀mejì lóru ọjọ́ Àìkú, mo rò pé eku ni. Kánfáàsì fúnra rẹ̀ rọ̀ láàárín bí ikùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán. Èyí tó dùn mí jù ni pé bàbá àwọn ọmọ wọlé, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá bi mí pé, “Ta ló ń ṣègbéyàwó?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò jọ òru, aṣọ òde ló jọ. Níbo ni mo ti ṣì í? Ṣé kí n kó o dànù ni, àbí ó ṣì ṣeé tún ṣe?

Ọmọ Aláró

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan ni mo lè dá sí, mi ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀dà.

Aró tó kàn jókòó lójú aṣọ, tí kò wọnú òwú, òun ló ń ṣí nígbà tí gọ́ọ̀mù tútù bá kàn án. Ẹ kó àgékù tí ẹ fẹ́ lò sínú omi tútù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ da omi nù, ẹ tún bu òmíràn, títí omi á fi mọ́. Tèmi máa ń gbà tó omi mẹ́fà, àgàgà èyí tí wọ́n fi kọ́sítíìkì sódà rẹ. Tó bá gbẹ, ẹ fi àkísà funfun tó tutù lé e lórí, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Bí àkísà bá ṣì mú búlúù, ẹ padà sídìí omi.

Wíwú tó wú, méjì ló fà á. Aṣọ náà kò tíì sún kì. Ìkejì ni pé àwọn tó ń tà á máa ń fi ẹ̀kọ sí i kó lè le kó sì máa dán, gọ́ọ̀mù yín kò sì rí aṣọ gbá mú, ẹ̀kọ ló gbá mú. Fífọ̀ yẹn máa yanjú méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ aṣọ sórí ọ̀rá, ẹ fi omi lú gọ́ọ̀mù dọ́gbadọ́gba, ẹ fi kun ẹ̀yìn rẹ̀, kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó gé e. Kò ní tú létí mọ́. Ìgbà tí ẹ bá wá fẹ́ lẹ̀ ẹ́, ẹ máa fi ọwọ́ tì í láti àárín lọ sí etí, kì í ṣe láti etí wá sí àárín.

Ṣùgbọ́n kí lẹ ń fi sátíìnì ṣe o? Ẹ wo inú àpò ìrẹsì yẹn dáadáa. Kò sí oṣùbàm̀bà níbẹ̀ ni? Adìrẹ oníko, èyí tí wọ́n fi ìko so tó yọ róbótó ńlá, tí àwọn róbótó kéékèèké wà lára rẹ̀. Orúkọ aṣọ náà gan-an, òṣùpá ńlá ni. Àwọn ìyá wa ti ya òru sára aṣọ tipẹ́, ẹ kàn fẹ́ tún un yà ni.

Bàbá Onílẹ̀kẹ̀, Òṣogbo

Ìyá Ìbejì, o kú iṣẹ́, o sì kú ìnáwó. Má kó o dànù. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ eku, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, mo lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ kánfáàsì, mo gbé e kọ́ ògiri ọ̀gá mi, inú mi ń dùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdajì rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọ̀gá kò bá mi wí. Wọ́n kàn na ìgbálẹ̀ sí mi.

Ìlẹ̀kẹ̀ wúwo, kánfáàsì sì ń mì bí awọ ìlù. Gọ́ọ̀mù tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló ń jìyà. Wọ́n omi díẹ̀ sí ẹ̀yìn kánfáàsì níbi tó ti rọ̀, jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, á fún padà. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí káfíńtà gé plaiwúùdù fẹ́lẹ́ tó bá inú férémù mu, kó tì í sẹ́yìn rẹ̀. Ní ti ìlẹ̀kẹ̀, má dà á bí ẹni ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀. Fi òwú sín in. Fa gọ́ọ̀mù tó ki, èyí tí o kò fi omi lú, ní ìlà, kí o wá tẹ́ okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà sínú rẹ̀, kí gọ́ọ̀mù gùn ún dé ìdajì. Jẹ́ kó sùn sílẹ̀ fún ọ̀sán kan àti òru kan. Èyí tó bá tóbi, ìwọ ní abẹ́rẹ́, kí ló dé tí o fi ń gbára lé gọ́ọ̀mù? Rán an mọ́ kánfáàsì kí plaiwúùdù tó dé ẹ̀yìn. Àwa ayàwòrán kì í rò ó débẹ̀ nítorí a ò mọ abẹ́rẹ́ dì mú.

Mo wá dé ibi tí ó ń dùn mí. Dúdú yẹn. Ta ló sọ fún ọ pé òru dúdú? Lọ síta lálẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ, gbé abẹ́ ìkòkò tí èéfín ti bà sí ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀run wò. Wàá rí i pé ìkòkò ló dúdú, ọ̀run kò dúdú tó o. Béèrè lọ́wọ́ Ọmọ Aláró iye ìgbà tí wọ́n ń ki aṣọ bọ ìkòkò aró. Ẹ̀ẹ̀kan péré, búlúù òféfèé ni. Wọ́n á yọ ọ́ síta kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ, wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́, wọ́n á tún yọ ọ́, títí á fi dú tí ojú ò fi ní rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí o ṣe máa ṣe ọ̀dà rẹ nìyẹn. Mú búlúù tó jinlẹ̀, fi búráùn dúdú díẹ̀ pò ó, fi omi lú u kó ṣàn. Kùn ún, kó gbẹ. Kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i, kó gbẹ. Tó bá di ìpele kẹrin tàbí ìkarùn-ún, wàá rí i pé ojú ń wọlé sínú rẹ̀. Dúdú inú agolo kì í jẹ́ kí ojú wọlé, ògiri ni. Jẹ́ kí òkè dú jù, kí ìsàlẹ̀ lẹ́bàá igi fúyẹ́ díẹ̀.

Ìràwọ̀ tí o fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ta, ó dára, bí àwa náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àmọ́ kí ọ̀dà rẹ rí bíi mílíìkì, kó má ki bíi kọ́sítáàdì, kí o kọ́kọ́ ta á sórí ìwé ìròyìn títí ọwọ́ rẹ á fi mọ̀ ọ́n. Ta á sí ibì kan kó pọ̀, ta á sí ibòmíràn kó ṣọ̀wọ́n, kí o sì fi ibì kan sílẹ̀ láìta rárá. Ibi tí o fi sílẹ̀ yẹn ni òru wà.

Jímọ̀ Bùráímọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àwòrán onílẹ̀kẹ̀, iṣẹ́ iná ló ń ṣe fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀ kó tó dé wọ́kíṣọ́ọ̀bù tí ayàwòrán Georgina Beier ṣe níbí ní 1964. Mo máa ń rò ó pé ìdí iná ìtàgé ló ti kọ́ bí a ṣe ń fi ibì kan sílẹ̀ lókùnkùn. Oníná ìtàgé tó bá tan gbogbo gílóòbù lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó wá wòran kò ní mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Yọ àwọn wẹ́wẹ́ léèsì yẹn kúrò. Gbogbo rẹ̀. Má bá mi jiyàn.

Tíṣà Físíìsì, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yin Bàbá, mo kí yín. Mo mọ̀ pé ẹ lè ní kí ló kàn mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òṣùpá yẹn ń yún mi lọ́wọ́.

Òṣùpá tó dìde dúró bí dòjé, ti àwọn tó ń gbé lókè réré lápá àríwá ayé ni. Àwa kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, nǹkan bí ìwọ̀n dìgírì 7 péré ni Abẹ́òkúta fi jìnnà sí i. Oòrùn máa ń wọlẹ̀ bí òkúta tó bọ́ sínú kànga níhìn-ín, tààrà ni. Apá tí oòrùn wà ni òṣùpá ti ń tàn, oòrùn sì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ máa ń wà. Oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé nílẹ̀ wa, lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń dùbúlẹ̀ bí igbá tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ni. Ẹ wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wá oṣù ààwẹ̀, ẹ máa rí i.

Ìràwọ̀ tó wà nínú ikùn òṣùpá, ẹ yọ ọ́. Ibi tí a ò rí yẹn kì í ṣe ihò. Òṣùpá ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ róbótó, kò kàn mọ́lẹ̀ ni. Ìràwọ̀ wo ló máa wá ta síwájú rẹ̀?

Oṣùbàm̀bà tí wọ́n dábàá, ó wù mí, ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Tí òṣùpá bá kún, òdìkejì oòrùn ló máa ń wà. Àgùàlà kì í jìnnà sí oòrùn láé. Ẹ na apá yín, ẹ di ìkúùkù, ẹ máa to ìkúùkù lé ara wọn: láti ibi tí oòrùn wà, àgùàlà kò lè kọjá ìkúùkù márùn-ún. Òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí èyí tó fẹ́ kú tán nìkan ló lè bá rìn, ní ìrọ̀lẹ́ lápá ìwọ̀-oòrùn tàbí ní ìdájí lápá ìlà-oòrùn. Kò lè bá òṣùpá àrànmọ́jú rìn. Tí òṣùpá bá sì kún, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń bo ọ̀pọ̀ ìràwọ̀, ẹ̀gbọ́n yín kò ní rí 60 kà. Ọ̀kan nínú méjì: ẹ yàn, òṣùpá ńlá tàbí àgùàlà ìyá àgbà.

Bàbá Onílẹ̀kẹ̀, Òṣogbo

Tíṣà, o ṣeun, ṣùgbọ́n àwòrán kì í ṣe ìdánwò WAEC. Mo ti ya ẹyẹ olórí mẹ́ta rí, kò sẹ́ni tó fa ìlà pupa sí i.

Tíṣà Físíìsì, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin Bàbá, mo gbà. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì ní òru yẹn gan-an làwọn fẹ́ ṣe.

Ìyá Ìbejì Aránṣọ, Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tìtorí tèmi jà o. Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín.

Àgùàlà ni mo yàn. Mi ò lè gbé òru yẹn fún wọn kí àgùàlà má sí níbẹ̀, wọ́n á ní ta lo yà. Mo sì rí oṣùbàm̀bà méjì nínú àpò ìrẹsì kejì o, Ọmọ Aláró! Ọ̀kan ti ya, èkejì dára, róbótó rẹ̀ fẹ̀ tó abọ́ ọbẹ̀. Ó ń dùn mí láti dá a padà sínú àpò.

Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ara òṣùpá tí ẹ ní ó ṣì wà níbẹ̀ tí kò mọ́lẹ̀ yẹn, ṣé ojú lè rí i? Nítorí ó dà bíi pé mo rántí pé a máa ń rí i, bí ìgbà tí ẹyin bá wà nínú aṣọ.

Tíṣà Físíìsì, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ rántí dáadáa. Oòrùn ń tàn sí ayé wa, ayé ń dá ìmọ́lẹ̀ náà padà sára òṣùpá, òun ló ń jẹ́ kí a rí ìyókù ara rẹ̀ fírífírí nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Búlúù eérú ló máa ń rí.

Bàbá Onílẹ̀kẹ̀, Òṣogbo

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, oṣùbàm̀bà ti rí ibi jókòó. Lẹ róbótó náà mọ́lẹ̀ lódindi, fi ọ̀dà búlúù tó fúyẹ́ bí omi kùn ún lẹ́ẹ̀kan kí funfun rẹ̀ rọlẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun wẹ́wẹ́, sín in, tẹ́ ẹ sí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan bí igbá, kó nípọn láàárín, kó tín-ín-rín lápá méjèèjì. Àgùàlà, ìlẹ̀kẹ̀ ńlá kan ṣoṣo, tó mọ́ gaara, rán an. Má fi èkejì tì í.

Tíṣà, mo ti gbà fún ọ lórí èyí.

Ìyá Ìbejì Aránṣọ, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo fi omi àti ọ̀bẹ bọ́tà àwọn ọmọ, ìyẹn èyí tí kò mú, họ gbogbo nǹkan kúrò lára kánfáàsì. Ọjọ́ méjì ló gbà mí. Àwọn wẹ́wẹ́ léèsì kún agolo mílíìkì kan. Mo ti lẹ̀ wọ́n mọ́ bùbá oníbàárà. Mo fọ adìrẹ lómi mẹ́jọ, Ọmọ Aláró, mẹ́fà kò tó fún tèmi. Búlúù náà, ìpele márùn-ún ni mo kùn. Ìpele kejì, mo sunkún díẹ̀, ó dà bí aṣọ ilé-ìwé. Ìpele kẹrin ni mo tó mọ ohun tí Bàbá ń wí. Mo gbé iná fóònù sún mọ́ ọn lálẹ́, ojú mi wọlé sínú rẹ̀ lóòótọ́.

Abẹ́ oṣùbàm̀bà ni mo pẹ́ sí jù. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ náà, okùn mẹ́ta láàárín, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ní ṣóńṣó. Ọ̀nà tí ìko gbà dì í láyé àtijọ́ fi ìlà wínníwínní sílẹ̀ lára róbótó yẹn bí ojú iṣan, ọ̀dà búlúù kò bò ó. Tí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ máa rí i. Tí ẹ bá jìnnà, ẹ kàn máa rò pé òṣùpá ní ara ni. Àgùàlà wà ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí i lápá ọ̀tún. Bàbá àwọn ọmọ wò ó, wọn kò sọ nǹkan kan, wọ́n lọ gbé àga wá jókòó síwájú rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé la gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n pa gílóòbù pálọ̀, wọ́n ṣí kọ́tìnnì. Wọ́n dúró, wọ́n ń nawọ́, ètè wọn ń mì. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí wọ́n kà á dé 43, mo bi wọ́n bóyá wọ́n á mu omi. Wọ́n yíjú sí mi pé, “Ṣé o rí ayé ẹ? O ti dí mi lọ́wọ́.”

Bàbá, ìlẹ̀kẹ̀ kan ti já nínú ọkọ̀ o, láti ṣóńṣó apá òsì. Mo ti rí i, ó wà nínú àpò mi. Ṣé kí n lọ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà níbi tó wà lórí ògiri, àbí ó di dandan kí a sọ ọ́ kalẹ̀?

Bàbá Onílẹ̀kẹ̀, Òṣogbo

Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀sán kan àti òru kan, mo ti wí i.